Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: William Byrd, Àgùdà Tó Ń Kọrin Láàfin

Orin William Byrd, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ti ń wọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, pàápàá Ave verum corpus. Nítorí náà, tirẹ̀ nìkan ni a fi gbogbo abala yìí sọ lóṣù yìí. A gé àwọn ìbéèrè kúrú kí ìdáhùn lè rí àyè.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìwé kan sọ pé 1543 ni wọ́n bí William Byrd, òmíràn ní 1540 ni. Èwo ni kí n kọ fún ìdánwò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìtàn rẹ̀ díẹ̀ kún un. — *Akẹ́kọ̀ọ́ orin, Iléṣà*

Ìdáhùn: Ẹ kọ 1540, tàbí ìparí 1539. Inú ìwé ìhágún Byrd ni 1543 ti jáde. Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá 1622 ló ṣe ìwé náà, ó sì sọ níbẹ̀ pé òun wà nínú ọgọ́rin ọdún òun. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò á bọ́ sí 1542 tàbí 1543. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá 1598, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ẹ̀rí tó jẹ́ nílé ẹjọ́ pé òun jẹ́ ẹni ọdún 58 tàbí níbẹ̀ẹ̀bẹ̀. Èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó sì súnmọ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀ jù, la máa ń gbà. Àwọn ìwé àtijọ́ tó kọ 1543, ìwé ìhágún nìkan ni wọ́n gbára lé.

Ní 1563 ó di atẹdùùrù àti olùkọ́ àwọn ọmọ akọrin ní Kàtídírà Lincoln. Pọ́n-ùn 13, ṣílè 6 àti pẹ́nì 8 ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, a ó padà sí i. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Juliana Birley ní 1568. Ní 1569 àwọn alákòóso Kàtídírà dá owó rẹ̀ dúró, nígbà tó sì di 1570 wọ́n pàṣẹ pé kó máa fi dùùrù fún àwọn akọrin ní ohùn ìbẹ̀rẹ̀ nìkan kí wọ́n tó kọ orin ìsìn, kó sì bá wọn tẹ̀ ẹ́ nígbà ántẹ́ẹ̀mù. Àwọn tó fẹ́ fọ gbogbo àṣà Àgùdà kúrò nínú ìsìn nígbà náà kò fẹ́ gbọ́ dùùrù tó bá ń dárà.

Robert Parsons, ọ̀kan nínú àwọn akọrin Chapel Royal, ìyẹn kúáyà ọba, kú sínú odò Trent ní oṣù kìíní 1572. Kí oṣù kejì tó parí, Byrd ti búra wọlé sí àyè rẹ̀. Òun àti Thomas Tallis, tó ju ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ló jọ ń tẹ dùùrù níbẹ̀. Nígbà tí Tallis kú ní 1585, Byrd kọ orin arò fún un, ó sì fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: Tallis kú, orin náà sì kú. Byrd fúnra rẹ̀ kú ní Stondon Massey, ní ìpínlẹ̀ Essex, ní ọjọ́ 4 oṣù keje 1623. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ Chapel Royal, baba orin ni wọ́n pè é.

Ìbéèrè: Mo kà á pé Àgùdà ni Byrd títí ó fi kú, bẹ́ẹ̀ ọba tó ń ṣèyà fún àwọn Àgùdà ló ń sìn. Báwo ló ṣe rí i ṣe? Ṣé a lè gbọ́ ọ nínú orin rẹ̀? — *Ọmọ ìjọ Kátólíìkì kan, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: A lè gbọ́ ọ, kódà láìsí ìyẹn ìdajì orin rẹ̀ kò ní yé wa.

Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ ìwé àwọn tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba, ní 1577, nígbà tí wọ́n ń gbé ní Harlington. Lẹ́yìn náà ni orúkọ Byrd náà wọ̀ ọ́. Òfin 1581 sọ owó ìtanràn di pọ́n-ùn 20 lóṣù kan ṣoṣo. Ẹ wá rántí owó Lincoln yẹn: gbogbo ohun tó ń gbà níbẹ̀ lọ́dún kan gbáko kò tó san ìtanràn oṣù kan.

Ohun tó dáàbò bò ó jù ni pé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní fẹ́ràn orin, ó sì mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ. Ní 1575 ó fún Tallis àti Byrd ní àṣẹ ọdún 21 pé àwọn méjèèjì nìkan ni kó máa tẹ ìwé orin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti tákàdá tí a fa ìlà orin sí. Wọ́n fi Cantiones sacrae dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn. Orin 34 ló wà nínú ìwé náà lórúkọ àwọn méjèèjì, 17 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí ọdún kẹtàdínlógún ọba lórí ìtẹ́ ni. Ọjà náà kò tà. Ní 1577 wọ́n kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ọba pé àwọn ti pàdánù.

Ibi tí Byrd fi ọkàn rẹ̀ pamọ́ sí ni ọ̀rọ̀ Bíbélì tó ń yàn. Ẹ wo Ne irascaris Domine, tó jáde ní 1589. Inú Aísáyà orí 64 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá: kí Olúwa má ṣe bínú jù, Síónì ti di aṣálẹ̀, Jerúsálẹ́mù ti dahoro. Kò sí aṣojú ìjọba tó lè mú ènìyàn nítorí pé ó kọ Aísáyà lórin. Ṣùgbọ́n Àgùdà tó bá gbọ́ ọ mọ Jerúsálẹ́mù tí wọ́n ń sọ. Nígbà tí ó dé “Sion deserta”, ohùn márùn-ún tó ti ń lé ara wọn kiri dákẹ́ ìrìn, wọ́n sì jùmọ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ní jẹ́jẹ́, bí àwọn tó dúró sójú ahoro náà gan-an.

Ẹ tún wo èyí. Philippe de Monte, olórin ọba ní ìlú Prague, fi orin tó kọ sí Sáàmù 137 ránṣẹ́ sí Byrd ní 1583. Byrd fi Quomodo cantabimus dá a lóhùn ní 1584. Ohùn mẹ́jọ ni, láti inú Sáàmù kan náà: báwo ni a ó ṣe kọ orin Olúwa ní ilẹ̀ àjèjì? Ọmọ onílẹ̀ ló ń bèèrè o, nílẹ̀ baba rẹ̀.

Lẹ́yìn 1593 ó kó lọ sí Stondon Massey, nítòsí Sir John Petre, olówó Àgùdà tó ní ilé ńlá sí Ingatestone. Àárín 1592 sí 1595 ló tẹ Máàsì mẹ́ta jáde, ti ohùn mẹ́rin, ti ohùn mẹ́ta, àti ti ohùn márùn-ún. Kò sí ojú-ewé àkọlé, kò sí ọdún, kò sí orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Lára lẹ́tà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ni àwọn onímọ̀ fi dá ọwọ́ Thomas East mọ̀. Orúkọ Byrd alára wà lókè ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Ní 1605 àti 1607 ó tẹ Gradualia apá méjì, orin 109 lápapọ̀, fún àwọn ọjọ́ àjọ̀dún Àgùdà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ọdún 1605 yẹn náà ni wọ́n mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles de Ligny, tó sì wọ ẹ̀wọ̀n Newgate, nítorí wọ́n bá ìwé orin yìí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló mú orin Byrd yàtọ̀ sí orin ìwé ìsìn wa tó lóhùn mẹ́rin? Nígbà tí a bá ń kọ ọ́, ó máa ń dà bí ìgbà tí oníkálukú ń bá tirẹ̀ lọ. — *Áltò, Abẹ́òkúta*

Ìdáhùn: Ohun tí etí yín gbọ́ ló wà níbẹ̀. Nínú orin ìwé ìsìn, tirẹ́bù ló gbé orin, àwọn mẹ́ta yòókù ń gbé e lẹ́sẹ̀. Nínú orin Byrd, áltò ní orin tirẹ̀ tó lè dá kọ kó sì dùn, báyìí náà ni tẹ́nọ̀ àti básì.

Ẹni tó mọ lílé àti gbígbè á rò pé òun ti mọ ọ̀nà rẹ̀, torí ohùn kan máa ń gbé gbólóhùn kan, òmíràn á sì gbà á. Ṣùgbọ́n nínú lílé àti gbígbè, elé ń dákẹ́ kí ègbè tó wọlé. Nínú orin Byrd elé kì í dákẹ́. Ó ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn nígbà tí ẹnìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba èyí àkọ́kọ́, ẹnìkẹta á tún wọlé láàárín wọn. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ketekete. Ohùn tó bá ti wọlé tán, kó rọra fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí ọ̀nà. Áltò tó bá ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti bo tẹ́nọ̀ mọ́lẹ̀.

Ìwé tí wọ́n fi kọ ọ́ nígbà náà yóò ràn yín lọ́wọ́ láti lóye. Kì í ṣe ìwé kan tó ní ohùn mẹ́rin. Ìwé tirẹ́bù dá wà, ti áltò dá wà, akọrin kò rí ti ẹlòmíràn rárá, kò sì sí ìlà tó ń pín ìlù sí mẹ́rin-mẹ́rin. Àwọn tó ń tún un tẹ̀ lóde òní ló fi ìlà yẹn sí i kí ojú má bàa ṣì í. Tí ẹ bá wá ń tẹ ìlù àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ ti sọ ọ́ di orin ìwọ́de. Ọ̀rọ̀ ni kó máa sọ ibi tí ẹ ó tẹ̀.

Ohun kejì tí etí gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ìforígbárí ìró, ìyẹn nígbà tí ohùn kan kọ̀ láti kúrò níbi tó wà títí tí ẹnìkejì fi wá kọ lù ú. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ báyìí, ẹni méjì péré. Ẹni ìsàlẹ̀ kọ *m*, ẹni òkè kọ *d'*. Ẹni ìsàlẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí *r*, ẹni òkè má kúrò lórí *d'*. Ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe ń ha etí. Ẹni òkè wá sọ̀kalẹ̀ sí *t*, ara tù ú. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì lọ sí *d* àti *d'*. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin yìí ló wà ní ìparí ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbólóhùn Byrd. Àṣìṣe tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé ẹni òkè máa ń rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìforígbárí bá dé, bí ẹni tó ń tijú. Òdì kejì ló tọ̀nà: kó fẹ ohùn náà díẹ̀ nígbà tó bá ń ha, kó wá rọ̀ ọ́ nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀ sí *t*.

Ìbéèrè: Ẹ gbà wá o. Kúáyà wa jẹ́ ẹni 38, a sì fẹ́ kọ Ave verum corpus ní Ọjọ́ Àjíǹde. Nínú sólífà tí wọ́n dà kọ fún wa, tirẹ́bù ní *se*, lójú ẹsẹ̀ ni básì ní *s*. Ẹnì kan ti fi báírò tún ti básì ṣe sí *se*. Yàtọ̀ sí ìyẹn, a kì í parí rẹ̀ lórí kíì tí a fi bẹ̀rẹ̀, a máa ń já sísàlẹ̀. — *Olùdarí kúáyà, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ìdáhùn: Ẹ wá ìrésà, ẹ pa báírò yẹn rẹ́ lónìí. Básì ló tọ̀nà.

Tirẹ́bù kọ *se*, ìyẹn *s* tí a gbé sókè ní ìdajì ìgbésẹ̀, lórí sílébù kejì nínú “Ave”. Kí ó tó kúrò létí, básì ti gbé *s* lórí “verum”. *Se* àti *s* kò gbọ́dọ̀ pàdé, gbogbo olùkọ́ sólífà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí ẹni tó mú báírò fi rò pé òun ń ran ìjọ lọ́wọ́. Byrd mọ ohun tó ṣe. “Verum” túmọ̀ sí tòótọ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé ara Kírísítì tòótọ́ wà nínú Máàsì, ohun tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fòfin dè nìyẹn. Lórí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ti jẹ́ kí ìró méjì tí kò bára mu gbún ara wọn. Tí ẹ bá tún un ṣe, orin náà á dùn lọ geerege, kò sì ní sọ nǹkan kan mọ́.

Kí ẹ tó kọ nóòtì kan, ẹ ka ọ̀rọ̀ Látìn náà sókè pọ̀ bí ìgbà tí ẹ ń ka Sáàmù, kí ẹ sì mọ ibi tó wúwo: COR-pus, PAS-sum, im-mo-LA-tum, HO-mi-ne, per-fo-RA-tum, SAN-gui-ne. Sílébù tó tẹ̀lé èyí tó wúwo gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Àwa Yorùbá máa ń fún gbogbo sílébù ní ìwọ̀n kan náà nítorí bẹ́ẹ̀ ni èdè wa ṣe rí, nítorí náà ibí yìí gba sùúrù. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú: mo kí ọ, ara tòótọ́ tí Màríà Wúńdíá bí, tó jìyà lóòótọ́, tí a fi rúbọ lórí àgbélébùú nítorí ènìyàn, tí a gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn, jẹ́ kí a ti tọ́ ọ wò ṣáájú wákàtí ikú. Byrd kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú Gradualia pé agbára kan pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ mímọ́, àti pé ẹni tó bá ń ronú jinlẹ̀ lórí rẹ̀, nóòtì tó yẹ á máa wá fúnra rẹ̀. Bí òun ṣe rí nóòtì yẹn ni kí akọrin náà gbà lọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, “Ave verum corpus”, láìsí dùùrù. Ẹ dúró lórí ìró kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dákẹ́ gbígbọ̀n. Kí tirẹ́bù gbé *se* wọn sókè bí ohun tó ń wá *l*. Tó bá wúwo díẹ̀ báyìí, jíjá ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí básì kọ *s* wọn láìfi ṣe bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó lọ sí gbólóhùn tó kàn. Ibi tí ẹ ti sáré kọjá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni yóò máa dààmú yín títí di Ọjọ́ Àjíǹde.

Ní ti jíjá sísàlẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ dá ọfun lẹ́bi. Ìdí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ẹ ń fà á jù, èémí ń tán, ohùn ń wálẹ̀. Orin yìí kò yẹ kó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́rin àbọ̀. Èkejì, nígbà tí nóòtì kan bá tún wá lẹ́ẹ̀kejì tàbí lẹ́ẹ̀kẹta, akọrin a máa kọ ìkejì nísàlẹ̀ díẹ̀ ju ti ìkínní lọ. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa rò ó pé ìkejì ga ju ìkínní lọ. Ẹ̀kẹta, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ń fi kíbọ́ọ̀dù tẹ̀lé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, etí wọn ti fi ìgbọ́ràn lé kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Ẹ fún wọn ní ohùn ìbẹ̀rẹ̀, ẹ pa á. Ẹ tan án padà ní ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá já, ẹ padà sí gbólóhùn yẹn nìkan. Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, ẹ kọ ọ́ ní ìdajì ìgbésẹ̀ kan sókè nínú ìdánrawò. Ó máa ń jí ohùn.

Nígbà tí ẹ bá dé “O dulcis, o pie”, tirẹ́bù á pe, ohùn mẹ́ta ìsàlẹ̀ á dáhùn. Ibẹ̀ ni kí ohùn rọlẹ̀ pátápátá, ó ti di àdúrà ẹnì kan ṣoṣo: “miserere mei”, ṣàánú mi, kì í ṣe ṣàánú wa. Apá náà tún wá lẹ́ẹ̀kejì bí ó ti wà. Byrd kò kọ “kí ó ròkè” tàbí “kí ó rọlẹ̀” sílẹ̀. Ọwọ́ yín ló wà. A fẹ́ràn kí ìkejì rọlẹ̀ ju ìkínní lọ, kí “Amen” sì ti inú ìdákẹ́ yẹn dìde.

Ní ti iye, ẹni 38 pọ̀ jù fún orin yìí. Ẹ yan 14 tàbí 16: tirẹ́bù mẹ́rin, áltò mẹ́rin, tẹ́nọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, básì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn tó kù kọ ántẹ́ẹ̀mù tó tẹ̀lé e. Ibi tí gbólóhùn bá gùn, kí ẹni méjì tó wà pa pọ̀ má mí lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì mí láàárín ọ̀rọ̀ kan.

Ìbéèrè: Ṣé a kò lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ nóòtì Byrd kí ìjọ lè lóye? — *Kátíkísì kan, Oǹdó*

Ìdáhùn: Ìfẹ́ ìjọ ló sún yín bèèrè, ṣùgbọ́n ìdáhùn wa ni pé kí ẹ má ṣe é. Gbogbo wa mọ ìyà tí orin ìwé ìsìn ti fi jẹ èdè wa. Bí orin bá gòkè lórí sílébù kejì “ọkọ”, ọkọ́ ni a gbọ́. Bó bá wálẹ̀, ó ti di ọkọ̀. Nínú orin ìwé ìsìn, etí ìjọ wà lára tirẹ́bù, ẹ̀ẹ̀kan ni ìtumọ̀ ń dàrú. Nínú orin Byrd ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń sọ̀rọ̀ síta, ọ̀kan ń gòkè nígbà tí òmíràn ń wálẹ̀ lórí sílébù kan náà. Ìtumọ̀ mẹ́rin ni ìjọ á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú Quomodo cantabimus, ohùn kan tiẹ̀ yí orin ẹlòmíràn dojú dé: ibi tí ìkínní ti gòkè, òun wálẹ̀. Èdè Látìn kò mọ̀ ọ́n lára. Ní Yorùbá, ọkọ́ á di ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí Látìn wà, kí ẹ tẹ ìtumọ̀ sínú ìwé ètò ìsìn, kí ẹnì kan sì kà á kí kúáyà tó dìde. Bí ẹ bá sì ní ẹni tó lè ṣẹ̀dá orin, kó kọ́ ọgbọ́n Byrd kó sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀: kí orin tẹ̀lé àmì ohùn, kí àwọn ohùn yòókù wọlé pẹ̀lú ìrìn kan náà ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́jọ síra wọn, kó má yí i dojú dé láé. T. K. E. Phillips, tó darí orin ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, ti fi hàn pé orin ìsìn lè tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ tí a ó dúró lé ti wà.

Ìbéèrè: Ṣé Byrd kọ nǹkan fún dùùrù nìkan? Ṣé mo lè tẹ̀ ẹ́ lórí piano? — *Atẹdùùrù, Ọ̀ṣogbo*

Ìdáhùn: Ó kọ púpọ̀, fún virginal, dùùrù kékeré tí a ń fi ìyẹ́ ẹyẹ ta okùn rẹ̀. Orin 42 ló wà nínú My Ladye Nevells Booke, tí John Baldwin fi ọwọ́ dà kọ tó sì parí ní 1591. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pavan kan àti galliard tó tẹ̀lé e, orin ijó ìgbà náà ni méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ ń rìn ní méjì-méjì, ti ìkejì ń fò ní mẹ́ta-mẹ́ta. Lórí piano, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, torí á po gbogbo ohùn pọ̀. Ìlà kékeré méjì tí ẹ ó rí tí a fà gba ìrù nóòtì kọjá, àmì ọ̀ṣọ́ orin ni. Ẹ kọ́kọ́ fò wọ́n kọjá títí ọwọ́ á fi mọ ọ̀nà, kí ẹ tó máa dá wọn padà sí ibi tó bá rọrùn.

Ìbéèrè: Ẹni márùn-ún péré ni wá ní ibùdó wa: tirẹ́bù méjì, áltò kan, tẹ́nọ̀ kan, básì kan. Ṣé ohun kan wà nínú iṣẹ́ Byrd tí a lè dá kọ láì dójú ti ara wa? — *Básì kan, Ìlọrin*

Ìdáhùn: Irú yín gan-an ló kọ ọ́ fún. Máàsì rẹ̀ kì í ṣe ti Kàtídírà, nítorí kò sí Kàtídírà kan tó lè kọ ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Yàrá nínú ilé ni, ilẹ̀kùn títì, ẹnì kan sí ohùn kan.

Ẹ mú Agnus Dei inú Máàsì ohùn mẹ́rin. Íntánẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní CPDL, ilé ìkówèésí orin kúáyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ yan kíì tó bá tẹ́nọ̀ yín mu, torí oníkálukú gbé e sí ibi tó wù ú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ń pe Ọ̀dọ́ Àgùntàn Ọlọ́run nínú rẹ̀. Ìkínní jẹ́ ti tirẹ́bù àti áltò nìkan. Áltò kan kò ní borí tirẹ́bù méjì, nítorí náà ẹnì kan ni kó kọ tirẹ́bù níbẹ̀. Ìkejì jẹ́ ti tirẹ́bù, tẹ́nọ̀ àti básì; kí tirẹ́bù ìkejì gbà á, kí ẹni àkọ́kọ́ lè mí. Ìkẹta ni gbogbo yín á wọlé.

“Dona nobis pacem” ni ẹ ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́. Fún wa ní àlàáfíà ló túmọ̀ sí, síbẹ̀ ìforígbárí ìró ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: kí ọ̀kan tó tú, òmíràn ti so. Ẹ kọ́ ọ ní méjì-méjì, tirẹ́bù pẹ̀lú áltò, tẹ́nọ̀ pẹ̀lú básì, lẹ́yìn náà áltò pẹ̀lú tẹ́nọ̀, kí oníkálukú lè mọ ẹni tó ń fi orí gbá. Ẹ fi pẹ́ńsù yí gbogbo nóòtì tí ẹ ti ń dúró de ẹlòmíràn ká. Ẹ ò gbọ́dọ̀ mí lórí wọn. Ẹ má dín ìrìn kù títí di ọ̀rọ̀ “pacem” tó kẹ́yìn. Ní ìró ìkẹyìn, ìró kẹta tó rọlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò gòkè ní ìdajì ìgbésẹ̀. Ẹni tó bá ni nóòtì yẹn, kó gbé e wọlé jẹ́jẹ́, kí àwọn mẹ́ta yòókù rọ ohùn tiwọn títí wọn yóò fi gbọ́ ọ.